Báwo la ṣe máa kọ́ ọmọ SS1 nípa ogúnléndé, tí kò fi ní parí sí «ẹ ṣàánú wọn»?

TíṣàRónkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Civic ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lápá Ògbómọ̀ṣọ́. Láti sáà tó kọjá ni àwọn ọmọ kan ti dé sí kíláàsì wa láti Benue. Àwọn òbí wọn fi oko sílẹ̀ nítorí ìpànìyàn, wọ́n wá ń ṣe iṣẹ́ alágbàṣe lábúlé kan nítòsí wa. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ tiwa ti sọ wọ́n ní «Bókò». Tiv ni wọ́n o. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ló lé wọn kúrò nílé, kì í ṣe Boko Haram, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn? Bàbá kan tilẹ̀ wá bá mi pé kí n gbé ọmọ òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní kí ló dé, ó ní òun gbọ́ ohùn kan lórí WhatsApp.

Ìwé tí à ń lò, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló fi sọ ọ̀rọ̀ ogúnléndé, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìtumọ̀ tí ọmọ yóò há sórí fún ìdánwò. Ìṣẹ́jú ogójì ni mo ní, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò sí iná, ká má tíì sọ ti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Mi ò sì fẹ́ wàásù. Tí mo bá ní kí wọ́n ṣàánú, wọ́n á ṣàánú títí agogo á fi lù, wọ́n á jáde, wọ́n á tún pe ọmọ ọlọ́mọ ní Bókò. Kí lẹ ti ṣe rí tó ṣiṣẹ́?

Akin4Real

Ẹ nà wọ́n, tíṣà. Ẹni tó bá tún pe èèyàn ní Bókò, kó lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ó parí.

TíṣàRónkẹ́

Ẹ ṣé o. Wọn ò ní pè é níwájú mi mọ́ nìyẹn.

Ọmọ Kùmásí

Tíṣà, mo kí yín. Kùmásí, ní Gánà, ni wọ́n bí mi sí ní 1955. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, wosiwosi ló ń tà lọ́jà níbẹ̀, ìyá mi ń ta aṣọ. Mo gbọ́ Twi kí Yorùbá tó já gaara lẹ́nu mi.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní láti gbà á tàbí kó jáde. Busia kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àga nígbà náà. Nǹkan ti le nílùú, gbèsè wà nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ò ríṣẹ́, wọ́n wá ní àwa la gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ta ni ò mọ̀ pé ìwé ìjọba kì í jáde lọ́sẹ̀ méjì? Bàbá mi tò títí, ó sú u. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó rí i pé ọjọ́ ti sún mọ́, wọ́n bá rọra fara pamọ́. Obìnrin Àṣáńtì kan tí òun àti ìyá mi jọ ń tajà ló ra ọjà tó kù. Owó tó san kò tó ìdá mẹ́rin iye tó yẹ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló san nǹkan kan. Ilé rẹ̀ náà la sùn nígbà tí àwọn ọmọ ìta ń ju òkò sí tiwa.

Ìgbà tí a wá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá mi gan-an, «ọmọ Gánà» ni wọ́n ń pè wá. Bí mo bá la ẹnu báyìí, wọ́n á sín ohùn mi jẹ. Mo jà tó.

Ìdí tí mo fi ń rò fún yín: ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìníṣà, Èjìgbò, Ṣakí, Ìgbòho, agboolé tí kò ní ẹni tó ti Gánà bọ̀ lọ́dún yẹn kò pọ̀. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ bi ìyá àgbà wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bèèrè pé «báwo ló ṣe rí lára yín». Àgbà Yorùbá kì í dáhùn irú ìyẹn, wọ́n á ní a dúpẹ́. Kí wọ́n bèèrè pé: kí lẹ gbé, kí lẹ fi sílẹ̀? Ta ló jẹ yín lówó? Ta ló ràn yín lọ́wọ́ lọ́hùn-ún? Kí ni wọ́n ń pè yín nígbà tẹ́ ẹ délé? Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ dúró lé.

Bíọ́lá_Ìtàn

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ gbé apá kejì wá, nítorí tí tíṣà bá dúró sí 1969, àwọn ọmọ á rò pé àwa ni wọ́n máa ń fìyà jẹ nígbà gbogbo.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, lábẹ́ Ààrẹ Shagari, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde kí oṣù náà tó parí. Àwọn tó mọṣẹ́ ọwọ́ dunjú nìkan ni wọ́n fún ní oṣù kan sí i. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ̀rọ̀ náà bá, bí ìdajì wọn sì jẹ́ ará Gánà. Owó epo ti ń já bọ̀ ní ọjà àgbáyé nígbà náà, ìdìbò sì ń bọ̀ lóṣù kẹjọ. Gánà ti ti ẹnubodè òun àti Tógò pa láti oṣù kẹsàn-án 1982, ni Benin náà bá ti tirẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ kí èrò má baà há sí ilẹ̀ òun. Àwọn èèyàn kún ojú ọ̀nà àti èbúté Èkó tọmọtọmọ, títí Rawlings, olórí Gánà, fi ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ilé tí wọ́n sì ń sáré lọ, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jẹ oko ibẹ̀ run lọ́dún yẹn. Ebi pa wọ́n débi pé egungun ọrùn yọ síta, àwọn fúnra wọn sọ ọ́ ní «ṣéènì Rawlings». Ní oṣù karùn-ún 1985, ìjọba ológun Buhari tún lé òmíràn.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo yọ orúkọ orílẹ̀-èdè, mo yọ ọdún. Ìjọba A ní àwọn àlejò kò ní ìwé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ìwà ọ̀daràn pọ̀ nítorí wọn, ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìjọba B ní àwọn àlejò kò ní ìwé, wọ́n gba iṣẹ́, ìwà ọ̀daràn pọ̀ nítorí wọn, ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n sọ èwo ni Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn á ní Gánà ni méjèèjì! Lẹ́yìn tí ariwo bá rọlẹ̀, mo máa ń bi wọ́n pé: kí ni nǹkan mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú lóṣù yẹn? Èló ni wọ́n ń ra kòkó, èló ni wọ́n ń ra epo? Ta ló ń wá ìbò? Ẹ fún wọn láyè níbẹ̀, ìṣẹ́jú ogún kò pọ̀ jù.

Ẹ lè gbé báàgì Ghana-must-go wá tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tètè gbé e kúrò ńlẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn báàgì ju ọ̀rọ̀ lọ.

DèjìB

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn ló kọ́kọ́ lé wa. Ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ká. Kí la wá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n máa bẹ Gánà?

Bíọ́lá_Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n Dèjì, Busia ṣubú ní 1972, ó kú ní 1978. Ta la wá lé ní 1983? Ẹni tó ń rán bàtà ládùúgbò, ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń ṣe bíríkìlà. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì gbọ́njú nígbà tí wọ́n lé Bàbá Ọmọ Kùmásí.

Mi ò ní kí ọmọ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó bi ara rẹ̀ léèrè: tí mínísítà bá sọ pé àlejò ló mú kí nǹkan wọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Owó epo tó já, ará Gánà wo ló já a?

Tí ẹ bá fẹ́ kó le sí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ ECOWAS kún un. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ọjọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí a lé ti kọjá 90. Ìjọba wa ní ẹsẹ̀ tó lè dúró lé lábẹ́ òfin. Kí àwọn ọmọ mọ ìyẹn náà, ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá jà á láàárín ara wọn: ohun tó bófin mu, ṣé ó ti tán síbẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́?

DèjìB

Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà o.

MàmáÌbejì_Leeds

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tí Tíṣà sọ yẹn, a mọ̀ ọ́n ní Ìlú Ọba níbí. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024, ọmọkùnrin kan pa àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta ní Southport. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń pín in kiri pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ ìlú, wọ́n tilẹ̀ fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Cardiff, ní Ìlú Ọba níbí náà, ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ọlọ́pàá sì sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Wọ́n kọlu mọ́ṣáláṣí ìlú náà lọ́jọ́ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń dáná sí hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń tọrọ ààbò wà ní Rotherham, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ mi bi mí pé ṣé àwa náà wà lára ẹni tí wọ́n ń sọ.

Èmi àti wọn jókòó, a tọ ipasẹ̀ irọ́ náà. Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́? Aago mélòó? Ṣé ó wà níbẹ̀? Kí ni ọlọ́pàá sọ, ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́? Kí ni ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ jèrè? Ọ̀rọ̀ èrè yẹn ló ká wọn lára jù. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn lè máa pawó nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wo irọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un, ẹni tó bá máa bínú kó bínú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, ẹnu àwa Yorùbá kì í dákẹ́ lórí àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà wọlé. «Àwa gba físà, àwọn ò gba.» Ẹni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba aginjù Líbíà lọ sí Ítálì. Ó mọ̀, àwa náà mọ̀.

Fẹ́mi_Fọ́tò

Tíṣà, tí kò bá sí iná, ẹ tẹ fọ́tò kan ṣoṣo jáde. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vlora. Èèyàn bò ó, wọ́n rọ̀ mọ́ òpó, wọ́n rọ̀ mọ́ okùn, àwọn mìíràn ti bẹ́ sómi. Ẹ gbé e síwájú wọn, ẹ má sọ ohunkóhun. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n tún kọ ohun tí wọ́n rò, kí méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti pín àwòrán yẹn pé ará Síríà ni wọ́n. Wọ́n ti pín in pé òyìnbó tó ń sá bọ̀ ní Áfíríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n, inú wa dùn sí ìyẹn, a pín in dáadáa. Irọ́ ni méjèèjì. Ará Albania ni wọ́n, bí 20,000, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Bari ní Ítálì ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1991. Ìjọba Ítálì dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn padà. Ẹni tó bá ní fóònù, Google Lens á fi ibi tí fọ́tò náà ti jáde hàn án lójú ẹsẹ̀.

LọyàTádé

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún ohun kan. Lábẹ́ òfin, àwọn òbí Bàbá Ọmọ Kùmásí kì í ṣe ogúnléndé, ẹ má bínú, sà. Ìlú wọn ni wọ́n padà sí. Àwọn ọmọ Benue tó wà ní kíláàsì Tíṣà náà kì í ṣe ogúnléndé lábẹ́ òfin, wọn ò ré ẹnubodè kankan kọjá. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lé kúrò nílé ni wọ́n, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Àdéhùn Kampala ti 2009 ló dá lé irú wọn. Ogúnléndé ti àdéhùn Geneva 1951 ni ẹni tó sá kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí pé ó ń bẹ̀rù inúnibíni, bóyá lórí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú abínibí, àwùjọ tó wà tàbí èrò òṣèlú. Àdéhùn tí OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, fọwọ́ sí ní Addis Ababa ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 1969 fẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó gba ẹni tí ogun tàbí rúkèrúdò ńlá bá lé mọ́ra. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Busia ṣe ìkéde tirẹ̀.

Kí ló kan ọmọ SS1 níbẹ̀? Ìbéèrè tí òfin ń bi ni pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni yìí tó bá padà sílé. Ọmọ Èjìgbò tó ń tajà ní Abidjan lè wálé ṣọdún kó tún padà. Ẹni tó sá kúrò ní Sudan lónìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rọ̀ kan bo àwọn èèyàn méjèèjì mọ́lẹ̀ fún un.

Iye náà wúlò, tí kò bá pọ̀ jù. Ní ìparí 2024, UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ogúnléndé, ka mílíọ̀nù 123.2 èèyàn tí wọ́n fi ipá lé kúrò nílé. Mílíọ̀nù 73.5 nínú wọn kò kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn rárá. Nínú àwọn tó sọdá, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló dúró sí orílẹ̀-èdè tó múlé gbe tiwọn. Ọmọ tó rò pé gbogbo ayé ló ń sá lọ London, ẹ fi ìyẹn hàn án. Àwa náà ti gba àlejò: àwọn ará Liberia àti Sierra Leone gbé ní Orù-Ìjẹ̀bú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sì ń sọdá sí ìhà Ògòjà láti ìparí 2017.

Ọmọ Kùmásí

Lọ́yà, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n Tamale ni wọ́n bí ìyá mi sí. Kò fojú kan Nàìjíríà rí títí lọ́rì fi gbé e dé. Ìlú ta ni òun padà sí?

LọyàTádé

Bàbá, ìbéèrè yẹn gan-an ni kí Tíṣà gbé fún wọn. Òfin kò ní èsì gidi sí i.

Nọ́ọ̀sìKẹ́mi

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ rántí pé àwọn ọmọ tí à ń sọ yìí wà nínú kíláàsì náà. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n dìde sọ ohun tí ojú wọn rí. Tó bá wù wọ́n, wọ́n á sọ fún ẹni tó wù wọ́n. Mo ti ṣiṣẹ́ ní àgọ́ àwọn tí ogun lé ní Maiduguri. Mo rí ọmọ kan tí wọ́n máa ń pè jáde fún gbogbo àlejò tó bá ti dé, kó tún ìtàn kan náà sọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ mọ́tò wọn. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Èkejì ni eré «ẹ di ẹrù yín, ogun ti dé» tí àwọn aláàánú máa ń gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tiwa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní fóònù làwọn máa gbé. Ọmọ tó sá lóòótọ́ á jókòó tì wọ́n. Ọ̀nà ti Bàbá Ọmọ Kùmásí sàn jù. Ọdún rẹ̀ ti pẹ́, ìyá àgbà ló ń rò ó, ojú ò ti ẹnikẹ́ni.

Àgbẹ̀Àrójẹ

Mo ti ń kà yín bọ̀ láti àná, kò sí ẹni tó sọ ti onílé. Lábúlé wa, owó alágbàṣe ti já nítorí ẹni tó sá dé á gba iye tí ẹ bá fún un, kò ní yíyàn. Kànga wa kì í dọ̀sán mọ́ kó tó gbẹ. Tí mo bá sọ èyí, ṣé mo ti dìkà? Tíṣà, ọmọ tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí ti ilé wá, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá tó ní kí ẹ gbé ọmọ òun kúrò yẹn, ó lè jẹ́ owó alágbàṣe ló ń dùn ún, WhatsApp ló kàn yá a lọ́rọ̀.

Yorùbá kúkú mọ ìjà onílé àti àlejò. Ṣebí àwọn tó sá wá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ló di ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, a sì ń pa ara wa lórí rẹ̀ títí di 2000.

Olóòtú

Mo ti yọ àwọn èsì kan kúrò níbí. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ìṣákọ́lẹ̀ Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, abala Ìtàn wà fún un. Ọ̀rọ̀ kíláàsì là ń sọ. Ẹnu àìmẹ́nu ló ń dá irú èyí sílẹ̀.

Bíọ́lá_Ìtàn

Olóòtú, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí Tíṣà wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn èèyàn ti sá dé, ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń mú wa bú ara wa lónìí.

Abẹ́òkúta ni èmi máa ń lò, ó rọrùn díẹ̀. Nǹkan bí 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú nílé tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ. Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn ará Ìjàyè náà sá wá bá wọn níbẹ̀. Ọ̀yọ́ pàápàá, nígbà tí Nupe lé wọn, Ìgbòho ni wọ́n gbé ààfin lọ, Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má parí rẹ̀ sí «gbogbo wa la jẹ́ ogúnléndé». Ó dùn létí, ó sì ń pa ìyàtọ̀ tí Lọ́yà ṣàlàyé rẹ́. Ohun tí Àgbẹ̀Àrójẹ sọ ni kí ẹ fi bi wọ́n: nígbà tí àwọn ará Ìjàyè dé, ta ló fún wọn nílẹ̀? Kí ni onílé gbà padà? Ta ló pàdánù?

AráKétu

Ẹ kú o láti Kétu, ní Benin. Níbẹ̀rẹ̀ 2021, nígbà tí ìjà darandaran le ní Yewa, àwọn ará ibẹ̀ sọdá wá bá wa. Yorùbá kan náà, àwọn mìíràn jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Àgọ́ kọ́ ni wọ́n wọ̀, yàrá ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ni. Ṣùgbọ́n Faransé la fi ń kọ́ ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ náà gbọ́ èdè ilé, wọn ò gbọ́ ti kíláàsì. Àwọn ọmọ tiwa bá wọn dá a: kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n kọ́ ẹ ní Faransé. Kò sí tíṣà tó rán wọn.

Tíṣà Rónkẹ́, ọmọ Tiv tó dákẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ wò ó bóyá Yorùbá ni kò gbọ́.

TíṣàRónkẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n wá ròyìn.

Ìbéèrè Bàbá Ọmọ Kùmásí ni mo fi rán wọn nílé. Wọ́n dé pẹ̀lú ohun tí mi ò rò. Ìyá àgbà kan ṣì tọ́jú ìwé gbèsè ọkọ rẹ̀, orúkọ àwọn oníbàárà Kùmásí wà níbẹ̀ tòun ti iye tí wọ́n jẹ, ọmọ náà sì dà á kọ. Lórí «kí ni wọ́n ń pè yín nígbà tẹ́ ẹ délé», «ọmọ Gánà» ló pọ̀ jù, àwọn èébú kan sì wà tí mi ò lè tẹ̀ síbí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó. Mo wá kọ Bókò sísàlẹ̀ wọn, mo jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn nígbọ̀nwọ́.

Ọmọ Benue tó mọ ìṣirò yẹn bi ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fún mi. Mi ò kà á síta. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. AráKétu, òótọ́ lẹ sọ, Yorùbá ni kò yé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ń kọ́ ọ, ó ń fi ìṣirò san án.

Lẹ́yìn náà mo gba ohùn WhatsApp yẹn lọ́wọ́ bàbá tó wá bá mi. A gbọ́ ọ pọ̀ ní kíláàsì lórí fóònù mi, wọ́n ń kọ èsì sílẹ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Kò dárúkọ. Ìlú wo? «Ìlú wa yìí.» Ìgbà wo? «Lóru àná.» Ni ọmọbìnrin kan bá ní òun ti gbọ́ ohùn yìí gan-an nílé àǹtí òun ní Ìlọrin, lọ́dún tó kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti rí i pé ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ má dárúkọ ìlú ni, kó lè máa jẹ́ òótọ́ níbikíbi tó bá dé. Èmi kọ́ ló sọ ọ́ fún wọn.

Ti Bíọ́lá, A àti B, ló gba kíláàsì méjì. Díẹ̀ péré ló gbà pé Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá dìde pé, «Mà, nígbà tí wọ́n lé àwọn Gánà lọ, ta ló gba ṣọ́ọ̀bù wọn?» Agogo lù, wọn ò jáde.

Bókò ti dínkù, kò tíì tán. Ọmọ bàbá yẹn ṣì wà láyè rẹ̀. Bàbá náà kò tíì padà wá. Àgbẹ̀Àrójẹ, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó alágbàṣe ṣe kíláàsì tó ń bọ̀, nítorí ọmọ méjì ti gbé e wá láti ilé bí ẹ ṣe wí.

DèjìB

Ìbéèrè ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí lẹ dá a lóhùn?

TíṣàRónkẹ́

Mo ní kó lọ bi àwọn tó ti ń tajà ládùúgbò wọn láti ìgbà náà. Ọjọ́bọ̀ ló máa mú èsì wá.

DèjìB

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí tó bá dé.

Àgbẹ̀Àrójẹ

Tíṣà, tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń san fún alágbàṣe tẹ́lẹ̀ àti nísinsìnyí, mo ní i sílẹ̀ nínú ìwé oko mi. Ẹ lè fi ṣe ìṣirò fún wọn.

Bíọ́lá_Ìtàn

Mo ti tẹ ìwé A àti B, mo fi ti 1985 kún un gẹ́gẹ́ bíi D. Tíṣà, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Akin4Real

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ náà o, tíṣà ni ìyàwó mi.